Ilé-Onítáyà Gbóná ní Òwènà

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ọkọ̀ yẹn kò lè gbóná. Kò tiẹ̀ sí ọ̀nà tó máa gbà gbóná!"

Rufus mẹkáníìkì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Wúrà dúró tì í lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, ó gbọ́wọ́ lé ìbàdí. Ó ti múra ìjà wá láti ilé. Ọkùnrin yìí ló tún ọkọ̀ wọn ṣe, síbẹ̀ gbogbo Fúráídè ni ọkọ̀ náà ń gbóná ní Òwènà lójú ọ̀nà Oǹdó, tí ọkọ rẹ̀ á sùn mọ́jú níbẹ̀.

"Ṣé irọ́ ni bàbá ń pa ni, Rufus?"

"Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn, mà. Mo pààrọ̀ rédíétọ̀. Mo yọ tẹ́mósítáàtì dànù. Nǹkan kékeré tó ń dá omi dúró kí ẹ́ńjìnnì lè tètè móoru ni. Kí la fẹ́ fi ṣe nílẹ̀ gbígbóná yìí? Láti ìgbà náà, omi kàn ń yí nínú rẹ̀ ṣáá ni. Ẹ wo géèjì, abẹ́rẹ́ ibẹ̀ kì í dé àárín. Ooru tó ń jó yín lẹ́sẹ̀, torí pé àárín dẹ́rẹ́bà àti ẹni tó jókòó tì í ni ẹ́ńjìnnì wà ni."

Wúrà kò rí ìjà jà mọ́. Ó kí i, ó sì yáa wá ọ̀kadà lọ sílé.

Àwọn ará àdúgbò wọn ní Ìjàpọ̀ ló sọ ọkọ̀ náà ní ilé-onítáyà. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, tí òyìnbó kan tó ń ṣe títì tà fún Adédèjì, ọkọ Wúrà, nígbà tó ń padà sílùú òyìnbó. Sítóòfù wà nínú rẹ̀, àga gígùn méjì wà, bẹ́ẹ̀dì sì wà lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀dì yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ọkàn Wúrà balẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń lọ kọ́ ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ìlú rẹ̀ ní Oǹdó, tó wá ń sùn lójú ọ̀nà tòun ti bẹ́ẹ̀dì! Kí ni wọ́n fẹ́ kí obìnrin rò? Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà, Wúrà sì ti lo oògùn náà kọjá ìwọ̀n. Ó ti gbóòórùn ìrọ̀rí, ó ti wo abẹ́ àga. Bébà tí wọ́n fi di bọ̀ọ̀lì nìkan ló rí, bẹ́ẹ̀ Adédèjì kì í jẹ bọ̀ọ̀lì nílé.

Èyí tó wá mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé lọ́la, Sátidé, ni ọkọ rẹ̀ máa fi ọkọ̀ yẹn kó Ẹgbẹ́ Ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ sí àpérò ní Oǹdó. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa padà. Wúrà fúnra rẹ̀ ló bá wọn ṣètò rẹ̀.

Nígbà tí Adédèjì mú kọ́kọ́rọ́ lọ́sàn-án, ó bá ìyàwó rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ti wé gèlè.

"Ìyá Lọ́lá, níbo?"

"Mò ń bá yín lọ. Ṣé kò sáàyè ni?"

"Ààyè wà. Ooru ẹ́ńjìnnì ló máa dà ọ́ láàmú."

"Ooru ò pa mí rí."

Ní Oǹdó, Wúrà jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń wo àwọn obìnrin olóhùn òkè lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó sanra jù ló kọ́kọ́ fura sí. Nígbà tó yá, ó bọ́ sórí èyí tó tínrín jù. Ṣùgbọ́n ohun tí Adédèjì ń bá gbogbo wọn ṣe kò ju ìbáwí lọ, pé wọ́n ń sáré kọjá dùùrù.

Oòrùn ti wọ̀ nígbà tí wọ́n ń bọ̀ ní Òwènà. Àwọn ọkọ̀ ti ń tan iná. Adédèjì bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ ìrìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan gíláàsì iwájú. Lójijì ó yà kúrò lójú títì.

"Ó ti gbóná," ó sọ, ó sì pa ẹ́ńjìnnì.

Wúrà ti wo géèjì kó tó pa á. Abẹ́rẹ́ náà sùn sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé ìdérí ẹ́ńjìnnì, kò ju lílọ́wọ́ọ́wọ́ lọ.

"Kí ló gbóná, Bàbá Lọ́lá?"

"Ẹ́ńjìnnì ni. Ká jẹ́ kó sinmi di àárọ̀. Téèyàn bá ṣí omi rẹ̀ báyìí, ó lè bó ni lára."

"Rufus ní kò lè gbóná."

Kí Adédèjì tó fèsì, obìnrin kan ti kan fèrèsé, ó gbé bọ̀ọ̀lì tí wọ́n fi bébà di lọ́wọ́. Wúrà dá bébà náà mọ̀. Òun nìyí.

"Bàbá, ẹ kú ìrìn o. Mo rí i tí ẹ yà wá." Obìnrin náà rí Wúrà, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ṣé Mọ́mì nìyí? Áà, ó dára tí ẹ bá wọn wá."

"Níbo lẹ ti mọ̀ mí?"

"Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ yín, mà. Mo sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ fún yín, ojú kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ wa ọkọ̀ wọ ìsọ̀ mi..."

"Ìyá Goodness!" Adédèjì pariwo.

Ó ti pẹ́ jù. Ẹ̀fúùfù ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Obìnrin náà wo ọkọ, ó wo ìyàwó, ó rọra gbé bọ̀ọ̀lì sílẹ̀, ó sì padà sídìí iná rẹ̀.

Ó dun Wúrà wọra. Ká ní àlè ni, ó mọ bó ṣe máa jà á. Àmọ́ kí ẹlẹ́bọ̀ọ̀lì mọ ohun tó ń ṣe ọkọ òun, kí òun tí àwọn jọ ń sùn má mọ̀!

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà òjò. Tí iná ọkọ̀ bá kọjú sí mi, ńṣe ló ń dà bíi pé wọ́n da omi ọṣẹ sí mi lójú. Mo máa ń yà sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́."

"Ẹ ò sì lè sọ fún mi?"

"Ẹ ó gba kọ́kọ́rọ́, ìwọ àti Lọ́lá. Gbogbo Oǹdó á máa sọ pé Tíṣà ti fọ́jú."

"Àwọn ìyá tí ẹ fẹ́ kó lọ́la ńkọ́?"

Adédèjì ń fi ọwọ́ pa sítíárì. "Mo rò pé tí a bá ń padà, tí a dé ibí, màá ní ọkọ̀ ti gbóná. Wọ́n á wá ọkọ̀ mìíràn wọ̀."

"Kí ẹ tó dé ibi tó ti máa gbóná ńkọ́?"

Ẹ̀rù wá ba Wúrà gan-an, bó ṣe ń rántí àwọn obìnrin tó ti múra sílẹ̀ nítorí pé òun ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó pe ààrẹ Ẹgbẹ́ Ìyá, ó sì nà án sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́."

Adédèjì gbà á. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá. Adédèjì ni."

"Tíṣà! Gbogbo wa ti wà ní ìmúrasílẹ̀ o!"

"Ọ̀rọ̀ ọ̀la náà ni, Màmá. Ọkọ̀ yìí... ẹ́ńjìnnì rẹ̀..."

Ó wo ìyàwó rẹ̀. Wúrà kò gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tíṣà, kí ló ṣe ẹ́ńjìnnì?"

"Kò sí ohun tó ṣe é, Màmá," Adédèjì sọ. "Èmi ni mi ò ríran mọ́."