Òwú Ọwọ́ Velko

"Irọ́ ńlá!" Velko ní, kò tilẹ̀ yíjú kúrò lójú fèrèsé. "Ẹyẹ àkọ̀ wo? Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́? Nínú yìnyín?"

"Mo ní mo fojú ara mi rí i!" Nedka ìyàwó rẹ̀ kò tíì bọ́ kóòtù, búrẹ́dì tó lọ rà ṣì wà lábíyá rẹ̀. "Ó dúró létí omi nínú ọgbà ìgbafẹ́ Tsar Simeon. Ẹsẹ̀ gbọọrọ, ó funfun báláú. Dìde, kó tó fò lọ!"

Velko wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Òwú pupa òun funfun tí Nedka so fún un níbẹ̀rẹ̀ oṣù Ẹrẹ́nà èṣí ti ṣá pátápátá. Àṣà ìlú wọn ni pé ẹni tó bá rí àkọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn òtútù ló ń tú tirẹ̀, á sì so ó mọ́ igi. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Velko ṣubú, tí egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. Láti ìgbà tó ti ilé ìwòsàn dé, kò sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kẹrin mọ́. Dókítà ní ẹsẹ̀ ti jinná, kó máa rìn, kó má baà kú sórí àga. Ẹ̀rù ìṣubú ló ń bà á, kò sì jẹ́ jẹ́wọ́. Bí Nedka bá ní kó jẹ́ kí òun gé òwú náà, á ní, "Mi ò tíì rí àkọ̀."

"Ó dáa, gbé ọ̀pá mi wá," ó ní. "Kí n lọ wo irọ́ rẹ."

Lórí àtẹ̀gùn, Milka aládùúgbò yọjú. "Bàbá Velko! Ṣé ilé ń jó ni?"

"Àkọ̀ ló dé."

"Háà! Ẹ̀yin méjèèjì ti mutí láàárọ̀ yìí o!"

Ẹyẹ náà ṣì wà létí omi. Velko wò ó títí.

"Nedka, lékeléke ni. Ó kàn ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹnu àkọ̀ pupa, apá rẹ̀ sì ní dúdú. Èyí funfun látòkè délẹ̀."

Omi lé sójú Nedka. "Mo kàn fà ọ́ wá sínú òtútù lásán." Ó yọ àlùmọ́gàjí lápò. "Jẹ́ kí n gé e náà. Ẹyẹ ṣáà lẹyẹ."

Velko fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. "Rárá o! Àkọ̀ ni wọ́n ní." Ó tún wo ẹyẹ náà, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n ó rẹwà. Mi ò rí irú rẹ̀ níbí rí nígbà òtútù."

Wọ́n rọra ń padà lọ. Lẹ́nu géètì, Velko dúró mí.

"Lọ́la, ká tètè jáde. Bóyá àkọ̀ á yà síbí."

Àkọ̀ kì í dé kí Ẹrẹ́nà tó wọlé, àwọn méjèèjì sì mọ̀.

"Bí kò bá wá lọ́la ńkọ́?"

"A ó tún wá lọ́túnla."

Inú Nedka dùn. Ó ti àlùmọ́gàjí bọ àpò, ó sì di apá ọkọ rẹ̀ mú.