Ẹni Tó Ṣàwárí Títílọpẹ́

Wọ́n ní èmi ni mo ṣàwárí Títílọpẹ́. Ẹ gbọ́ irọ́! Gbogbo Oǹdó ló ń kí mi, "Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o." Ọmọ tó bá dáa, ti bàbá ni, ní báyìí gbogbo ìlú ló di bàbá.

Lọ́dún 1994, epo bẹntiróòlù di àwátì. Iléèwé wa fẹ́ lọ díje l'Ákùúrẹ́, nínú eré tí ọmọ mẹ́rin máa ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn sá. Èmi, tíṣà eré ìdárayá, dá ọgbọ́n kan: òbí tó bá gbé kẹ́ẹ̀gì epo wá fún bọ́ọ̀sì, ọmọ rẹ̀ yóò sáré. Bàbá Moyinolúwa gbé méjì wá. Bàbá Títílọpẹ́, àgbẹ̀ kan ní ìlú Bọ́lọ́rundúró, gbé iṣu wá. Ṣé iṣu ni bọ́ọ̀sì ń jẹ? Mo jẹ iṣu náà, mo pa orúkọ ọmọ rẹ̀ rẹ́, mo fi ti Moyinolúwa sí i, ọmọ tí ìgbín lè sá fi sílẹ̀.

Títílọpẹ́ bá ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó kòkó lọ sí Àkúrẹ́ fúnra rẹ̀. Ìgbà tí a dé pápá, àìsàn ti dá ọmọ kan dúró ní iléèwé Àkúrẹ́ kan, wọ́n sì ti fi Títílọpẹ́ dípò rẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ló fi sáré, ó fi wá sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Inú bí mi burúkú. Mo pariwo pé ọmọ wa ni, pé òjóró ni wọ́n ṣe, àwọn adájọ́ sì gba ife ẹ̀yẹ lọ́wọ́ iléèwé Àkúrẹ́ náà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Adépọ̀jù, ọ̀gá iléèwé wa, nà án lẹ́gba, ó lé e jáde. Èmi ni mo bá a mú ẹgba wá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo kàn fẹ́ sáré ni," ó ń sunkún.

"Lọ máa sá a nínú oko kòkó bàbá ẹ!" Èmi ni mo dá a lóhùn bẹ́ẹ̀.

Iléèwé Àkúrẹ́ yẹn gbà á. Ìyókù, bó ṣe di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú eré sísá, rédíò ti sọ ọ́ fún yín.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n pè mí sí gbọ̀ngàn kan l'Ákùúrẹ́ láti fi àwo ẹ̀yẹ dá mi lọ́lá, Títílọpẹ́ fúnra rẹ̀ wà lórí àga iwájú. Mo mọ̀ pé bí mi ò bá sọ òtítọ́ lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò ní sọ ọ́ mọ́ títí n ó fi kú. Mo gba makirofóònù.

"Èmi kọ́ ni mo ṣàwárí rẹ̀. Lílé ni mo lé e."

Ni gbọ̀ngàn bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. "Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀ àgbà!" Adépọ̀jù ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, aláìnítìjú. Títílọpẹ́ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ń wò mí, ó ń dúró kí n parí ọ̀rọ̀ náà.

Mo tẹrí ba, mo sì gba àwo ẹ̀yẹ mi.