Àdúgbò Tí Wọn Kì Í Bẹ̀

Kí ló dé tí àwọn olóṣèlú fi lọ sí àdúgbò kejì lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí ìbò tó dé, tí wọn ò yọjú sí àdúgbò àwọn Ayọ̀mípọ̀sí rárá? Ọ̀rọ̀ yìí kò yé e, bó tilẹ̀ jẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní Agége. Wọ́n ti la gọ́tà fún àwọn tọ̀hún, wọ́n ti gbé iná sójú títì wọn. Ní tiwọn, àgbàrá òjò ló ń bá wọn sùn.

Lọ́jọ́ ìbò, ó tẹ́tí sí bí èrò ṣe ń ka ìwé ìbò sókè ní àdúgbò wọn. Ọmọ Èkìtì tó ń lọ sí ìjọ Aládùúrà kan náà ni gbogbo wọn níbẹ̀. Alàgbà ìjọ náà ti sọ fún wọn pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, pé ẹnì kan ṣoṣo ni kí wọ́n dìbò fún. Ẹni náà ní igba ó lé mẹ́rin. Alátakò rẹ̀ ní mẹ́sàn-án.

Ó sáré dé àdúgbò kejì, lẹ́yìn ilé iṣẹ́ bisikíìtì, níbi tí Yorùbá, Ìgbò, Hausa àti Ègùn ti jọ ń gbé. Bí wọ́n ṣe ń kà á, ẹni yìí á ṣíwájú, ẹni yẹn á tún lé e bá. Ìbò mẹ́ta péré ni ẹnì kan fi ju ẹnì kejì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Alàgbà kó ìjọ dúró lẹ́bàá títì, wọ́n ń retí ẹni tiwọn tó wọlé. Ọkọ̀ rẹ̀ dé lóòótọ́, ó fọn fèrè kọjá lára wọn, ó sì yà sí àdúgbò kejì lọ bẹ̀ wọ́n sílẹ̀ de ìbò tó ń bọ̀.

"Àwa tá a kó gbogbo ìbò wa fún un ńkọ́?" ni Alàgbà pariwo.

"Ẹ má bínú, sà," ni Ayọ̀mípọ̀sí dáhùn. "Ta ní ń bẹ ẹni tó ti gbà tẹ́lẹ̀?"