Ìyá Ti Gbà

Kò sí ohun tó ń kó télọ̀ nírìíra tó eré orí tẹlifíṣàn tí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ méjèèjì máa ń wá wò nílé ìyá wọn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Eré náà fúnra rẹ̀ kò burú ju bí eré ṣe ń burú lọ. Àwọn tó ń wò ó ló burú. Wọn yóò wọlé, wọn yóò kí ìyá wọn bí ẹni ń kí aládùúgbò, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Màámi," wọn yóò ti aṣọ oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àga gígùn, wọn yóò sì máa pa ẹ̀pà jẹ. Èèpo ẹ̀pà a máa bọ́ sórí léèsì olówó iyebíye. Bí télọ̀ bá ní kí wọ́n gbá a, wọn a ní obìnrin yìí ti ya onínúfùfù jù.

Yàrá iwájú tí tẹlifíṣàn wà yẹn ni ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ibẹ̀ náà ni ìyá ń jókòó sí láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un lápá ọ̀tún, tó sì so ahọ́n rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé, ẹyọ kan ló kù tó ń já gaara lẹ́nu rẹ̀: "Gbà." Bó bá fẹ́ omi, gbà ni. Bó bá mu omi náà tán tó fẹ́ kí wọ́n gbé ife kúrò, gbà náà ni. Télọ̀ nìkan ló mọ èyí tó jẹ́ èwo, nítorí ojú ìyá ló máa ń wò, kì í ṣe ẹnu rẹ̀.

Ẹgbẹ́ méjì tó ní agbára àràmàǹdà ló wà nínú eré náà. Bí àwọn Aláàbò bá na ọwọ́, odi tí ojú kò rí a dìde látinú ilẹ̀. Bí àwọn Olómìnira bá sì pariwo, odi yòówù kó jẹ́ a fọ́ yángá. Ìlú kan ṣoṣo ni wọ́n ń jà lé lórí. Ẹ̀gbọ́n, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, tí kì í bọ́ ohùn ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ bó bá délé, ẹ̀yìn Aláàbò ló wà. Àbúrò, tó ń ta fóònù, Olómìnira ni tirẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n wé ara wọn," ni ẹ̀gbọ́n wí lọ́jọ́ náà. "Kí ni àwọn Aláàbò ń wá? Kí ewu má wọ ìlú. Kí gbogbo èèyàn wà lójú kan, kí ẹnì kan máa mójú tó wọn."

"Ẹ̀wọ̀n nìyẹn," àbúrò dá a lóhùn. "Àwọn Olómìnira ní kí kálukú bọ́. Ilé àtijọ́ ló ń de èèyàn mọ́lẹ̀. Kí wọ́n wó o, káyé lè lọ síwájú."

"Àwọn ará ìlú ńkọ́?" télọ̀ béèrè látìdí ẹ̀rọ rẹ̀.

"Àwọn wo?" ni àbúrò wí.

"Àwọn tí odi ń wó lù."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà. Àwọn yẹn ò sí nínú ọ̀rọ̀. Ìsun omi abẹ́ ìlú ni wọ́n ń dù. Ẹgbẹ́ tó bá mu níbẹ̀, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́wàá."

Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti jẹ́wọ́. Ẹnu lásán ni èrò ẹgbẹ́ méjèèjì fi yàtọ̀. Omi kan náà ni òùngbẹ rẹ̀ ń gbẹ wọ́n. Télọ̀ ti mọ̀ látọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà máa dé ilé àwọn.

Nígbà tí ìpolówó ọjà dé, ẹ̀gbọ́n pa ohùn tẹlifíṣàn. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí gbogbo àwọn ti pé, káwọn sọ ti Màámi. Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé òun, inú ọgbà tó ní géètì, ewu kankan ò ní dé ọ̀dọ̀ wọn níbẹ̀. Òun á wá sọ ilé yìí di jẹ́lé-ó-sinmi. Àbúrò ní rárá o, ṣé ewúrẹ́ ni Màámi tí wọ́n á fi sé wọn mọ́ ọgbà? Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló yẹ wọ́n, kí wọ́n rí ẹgbẹ́ wọn, kí ara wọn tú. Kí wọ́n wó iwájú ilé yìí, kóun kọ́ ṣọ́ọ̀bù fóònù síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà rí télọ̀ lára. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́. Àwọn tí kò tíì fọ aṣọ kan fún ìyá látìgbà tó ti dùbúlẹ̀ àìsàn, àwọn ló ń pín ilé mọ́ ọn lórí lójú ara rẹ̀.

"Ta ló bi Màámi léèrè nínú yín?" ó ní.

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ síwájú ìyá. "Màámi, ṣé ẹ óò bá mi lọ?"

"Gbà."

"Ẹ gbọ́? Wọ́n ti gbà."

Àbúrò sáré kúnlẹ̀ lápá kejì. "Màámi, ṣé ẹ óò lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ yín?"

"Gbà."

"Wọ́n ti gbà tèmi náà."

Télọ̀ wo ojú ìyá. Kì í ṣe ojú ẹni tó gbà nìyẹn. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń fa ọ̀rọ̀ kan láti ìsàlẹ̀ ikùn.

"Gbà… mí."

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Èmi ni wọ́n ń ké sí. Wọ́n ní kí n gba àwọn."

"Lọ́wọ́ yín ni kí n ti gbà wọ́n," ni àbúrò wí.

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Àní, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í du èyí tó máa jẹ́ olùgbàlà. Ìyá gbé ọwọ́ òsì sókè, ó di aṣọ télọ̀ mú.

"Lọ́wọ́… wọn."

Àbúrò pàtẹ́wọ́. "'Wọn' ni wọ́n wí o! Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni àgbà, ẹ̀yin ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún bẹ́ẹ̀."

"Láti ọjọ́ tí Màámi ti bí yín," ni télọ̀ wí, "ìgbà wo ni wọ́n pe ọmọ inú wọn ní 'wọn'?"

Ẹ̀gbọ́n ń wo ilẹ̀. Àbúrò na ọwọ́ sí rìmóòtù, torí eré ti padà dé, ó fẹ́ gbé ohùn rẹ̀ sókè.

Télọ̀ rọra tú ọwọ́ ìyá kúrò lára aṣọ rẹ̀. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó kó bàtà àwọn méjèèjì, ó gbé e síta, ó sì di ilẹ̀kùn mú ní ṣíṣí.

"Ṣé lílé lò ń lé wa ni?" ẹ̀gbọ́n béèrè.

"Rárá," ó ní. "Mò ń gba Màámi ni."