Ọjọ́ tí Ayùn Kú tí Màmá sì Ń Bọ̀

Pákó mẹ́ta péré ló kù kí Bọ̀dá gé nígbà tí ayùn oníná kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò rú èéfín, kò pariwo. Ó kàn dákẹ́ fẹ́mú bí ọmọ tí wọ́n bi léèrè ẹni tó jẹ ṣúgà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Màmá wọn ti kúrò ní ilé ìwòsàn, ó ń bọ̀ lọ́nà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, orí àga onítáyà ló ń bá bọ̀ wálé, ohun kan ṣoṣo ló sì bẹ̀ wọ́n fún: "Mo dá wọ ilé yẹn lọ́jọ́ tí mo kó débẹ̀. Ẹ má gbé mi wọ ọ́ bí àpò sìmẹ́ńtì." Àtẹ̀gùn mẹ́ta sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí Bọ̀dá, káfíńtà paraku, fi ń kan afárá pákó tó dà gẹ̀rẹ́ láti ilẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn. Bí ó bá ní kí òun fi ayùn ọwọ́ gé ìyókù, Màmá á ti dé kí ó tó gé ẹyọ kan tán.

"Ó ti jóná," ni Bọ̀dá wí, ó sì fìdí lélẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n tú u wò," ni àbúrò rẹ̀ obìnrin dáhùn. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń tún ṣe, Tú-u-wò ni wọ́n sì ń pè é nílé láti kékeré.

"Rédíò tí o tú níjọ́sí ńkọ́? Síkúrù mẹ́rin ló ṣẹ́kù sí ọ lọ́wọ́."

"Rédíò náà sọ̀rọ̀, àbí kò sọ̀rọ̀?"

Ẹ̀rín pa Bọ̀dá, kò tiẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Fóònù dún. Àbúrò Màmá tó lọ mú un wá ló pè: àwọn ti kọjá ilé epo.

Ara Tú-u-wò yá gágá. Ó ki fáànù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, fáànù yí. A jẹ́ pé iná wà. Ó yọ ayùn kúrò lára iná, ó tú ibi tí kábọ́ọ̀nù méjèèjì tó ń gbé iná fún mọ́tò wà, wọn ò tíì jẹ tán, wọ́n ṣì gùn dáadáa. Ó fẹ́ràn kí ẹ̀rọ máa sá pa mọ́ fún òun, kí òun sì máa wá a kiri.

"Bọ̀dá, báwo lẹ ṣe ń tọ́jú rẹ̀ tẹ́ ẹ bá ṣiṣẹ́ tán?"

"Mo máa ń fi wáyà rẹ̀ gbé e kọ́ ìṣó. Ṣebí Bàbá ló sọ pé irinṣẹ́ kì í sùn nílẹ̀."

"Ká ní ọrùn ni wọ́n fi ń gbé ẹ̀yin náà kọ́ lójoojúmọ́, ẹ ò ní ṣiṣẹ́ mọ́."

Ó tú ọwọ́ ayùn, ó mú míta rẹ̀ tó máa ń ké bí iná bá lè gba inú wáyà kọjá, ó fi ẹnu rẹ̀ kìíní kan púlọ́ọ̀gì, ó fi ìkejì kan ìdí wáyà nínú ayùn. Míta ò sọ nǹkan kan. Ó wá ń tẹ wáyà náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ibi tó ti wọ ọwọ́ ayùn. Míta ké píí. Ó tú u sílẹ̀, ó dákẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún ké.

"Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́," ló fi ayọ̀ wí. Rọ́bà ìta ò ní àpá kankan, àmọ́ kọ́pà inú rẹ̀ ti já.

"O fẹ́ gé e ni? Wáyà mi á kúrú o."

"Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Ó gé e, ó bó o, ó dè é padà, ó fún síkúrù le. Bọ̀dá tẹ ayùn. Ayùn bú ramúramù, àwọn méjèèjì sì kígbe pọ̀ bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Eruku pákó bò wọ́n lójú. Ìṣó tó kẹ́yìn ni Bọ̀dá ń gbá nígbà tí ọkọ̀ dúró.

Wọ́n gbé Màmá jókòó sórí àga rẹ̀. Bọ̀dá sáré lọ di ẹ̀yìn àga náà mú.

"Ọwọ́ rẹ," ni Màmá wí. Bọ̀dá yọwọ́.

Màmá fi ọwọ́ méjèèjì yí táyà. Nígbà tó dé ìdajì afárá, àga dúró. Gbogbo ara Tú-u-wò fẹ́ sáré lọ tì í, àmọ́ ó di eyín, kò kúrò lójú kan. Màmá mí kanlẹ̀, ó tún yí i, ó sì kọjá ẹnu ilẹ̀kùn wọlé.

Ó yí àga padà nínú ilé, ó wo gbogbo wọn níta.

"Kí lẹ wá ń dúró ṣe?" ló wí. "Ẹ wọlé. Ẹ káàbọ̀ sílé mi."