Irin Tó Yọrí Lórí Ilé Pásítọ̀

Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹfà, ọdún 2025, Gbémisọ́lá kú. Ọjọ́ yẹn gan-an ni rédíò sọ pé ogun tó ń jà láàárín Ísírẹ́lì àti Íránì ti dáwọ́ dúró. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nínú ilé ìdáná wọn ní Abúlé Òkúta ní Bàrígà, ó di orí mú, ó wó lulẹ̀. Kí Bámilóyè ọkọ rẹ̀ tó rí ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀mí ti bọ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó béèrè bóyá màmá ń lo oògùn. Bámilóyè ní ó ń lò ó, nítorí ohun tó mọ̀ nìyẹn. Ìgbà tó padà délé ló ṣí dúróò ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, tó rí páálí oògùn mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò ṣí.

Díákónì ni Bámilóyè nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ti wá, ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì. Kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí Gbémisọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ gbọ́ ẹ̀kọ́ àsọtẹ́lẹ̀ lọ́dọ̀ Pásítọ̀ Ọláfimíhàn ní Ladi-Lak, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, kò bá a jà. Ó ní Bíbélì kan náà ṣáà ni wọ́n ń kà.

Ó tẹ̀ lé e lọ lẹ́ẹ̀kan péré, ní ọ̀sẹ̀ tí ogun náà le. Ohun tó bá níbẹ̀ rí i lára. Wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri, wọ́n ń fi àwòrán ogun hàn lórí rẹ̀. Iná ń sọ, ilé ń wó, obìnrin kan gbé ọmọ tí eruku bò dání. Àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Pásítọ̀ Ọláfimíhàn ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí ilẹ̀ Páṣíà, tó di Íránì lónìí, nínú àwòrán ayé, ó ní Ìsíkíẹ́lì ti rí i, Dáníẹ́lì ti rí i, ọyẹ́ ọdún yìí kò sì ní bá àwọn ẹni mímọ́ láyé. Itọ́ ń fò lẹ́nu rẹ̀ sára ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní ẹni tó ń fò kì í gbé ẹrù. Bámilóyè wo ọmọ tí eruku bò yẹn, ó wo àwọn tó ń pàtẹ́wọ́. Ó dìde, ó jáde. Gbémisọ́lá kò tẹ̀ lé e.

Níbi ìsìn ìdágbére, wọ́n fún Ọláfimíhàn láyè díẹ̀ kí ó sọ̀rọ̀ nípa ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, díẹ̀ náà sì di púpọ̀. Ó ní Màmá kò kú, ó ṣíwájú ni. Ó ní ogun tó dá lọ́jọ́ tó lọ gan-an jẹ́ àmì, nítorí àlàáfíà ẹ̀tàn ló máa ń ṣáájú ìparun. Ràsákì, Mùsùlùmí tí ilé rẹ̀ kángun sí ti Bámilóyè, sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí.

"Bàbá Dọlápọ̀," ó ní, "ogun jà, àmì ni. Ogun dá, àmì ni. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀bà tútù fún ọkùnrin yìí, á rí òpin ayé nínú ẹ̀."

Bámilóyè kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà tù ú nínú ju ìwàásù lọ.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, àwọn àbúrò olóògbé tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ jókòó láti pín ẹrù rẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Moyọ̀sọ́lá tí wọ́n bí tẹ̀ lé e ló tẹ́ ẹní, òun náà ló ṣí àpótí. Òfì ìgbéyàwó kò sí níbẹ̀. Sányán tí ìyá wọn fi sílẹ̀ kò sí. Ànkárá kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀, tó ti ṣá. Àwọn obìnrin náà gbójú sókè, wọ́n wo Bámilóyè bí ẹni wo olè.

Dọlápọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Gbémisọ́lá bí, ló gba bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní Màmá ti kó gbogbo rẹ̀ fún ìjọ Pásítọ̀ Ọláfimíhàn, nítorí ẹni tó ń fò kì í gbé ẹrù. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ọmọdé tó ń ka àkọ́sórí. Ìgbà yẹn ni Bámilóyè wò ó dáadáa. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje, ọkọ rẹ̀ sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Pọtakọ́tì. Ojú rẹ̀ wú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé kò lè wọ bàtà mọ́. Sálúbàtà ìyá rẹ̀ ló wọ̀, ìyẹn náà sì ń fún un.

"Kí ni wọ́n sọ nípa ẹsẹ̀ yìí ní ilé ìwòsàn?"

"N kò lọ mọ́, Bàbá."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí Màmá ti fi oògùn sílẹ̀. A jọ jẹ́jẹ̀ẹ́ ni. Pásítọ̀ ní ká má máa múra de ohun tí a kò ní dúró rí."

Ọ̀rọ̀ tó wá sí Bámilóyè lẹ́nu kì í ṣe èyí tí bàbá ń sọ fún ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀. Ó gbé e mì. Ó ní kí ó dìde kí wọ́n lọ rí dókítà. Dọlápọ̀ ní òun kò lè da májẹ̀mú tí òun àti ìyá òun jọ dá, pàápàá tí ìyá òun ti lọ, àfi bí Pásítọ̀ bá tú òun sílẹ̀. Bámilóyè kò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó ti sin ọ̀kan. Ọwọ́ wo ni yóò fi sin èkejì?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ sí Ladi-Lak. Ẹ̀yìn ilé ìjọsìn ni Pásítọ̀ Ọláfimíhàn kọ́ ilé sí, àwọn bíríkìlà ṣì wà lórí rẹ̀. Pásítọ̀ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní kí ó jókòó, ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá. Bámilóyè sọ ohun tó bá wá: kí ó sọ fún ọmọ náà pé kí ó lọ sí ilé ìwòsàn. Pásítọ̀ mi orí. Ó ní òun kọ́ ló gba ẹ̀jẹ́, Ọlọ́run ni, àti pé ní irú ìgbà báyìí, ìgbàgbọ́ ni dókítà.

Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Bámilóyè gbé ọwọ́ lé apá àga, tí aṣọ tó wà níbẹ̀ sì ṣe é bákan. Ó wolẹ̀. Òfì ni. Òfì ìgbéyàwó Gbémisọ́lá ni, pẹ̀lú ilà pupa tó mọ̀ bí ẹni mọ ojú ara rẹ̀. Wọ́n ti gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n ti fi rán èèpo tìmùtìmù. Orí rẹ̀ ló jókòó sí.

Ó dìde. Bíríkìlà kan yọjú lójú fèrèsé.

"Pásítọ̀, ṣé ká gé irin orí òpó wọ̀nyí ni, àbí ká fi wọ́n sílẹ̀?"

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Tó bá tó ọdún mẹ́ta sí i, a ó gbé òkè kejì lé e."

"Ọdún mẹ́ta," ni Bámilóyè wí.

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín. "Bàbá Díákónì, Ọlọ́run fún wa lọ́gbọ́n ayé náà."

Bámilóyè kò fọwọ́ kan omi náà. Nígbà tó dé ìta, ó tutọ́ sínú gọ́tà, ohun tí kò ṣe rí láti kékeré.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó sọ fún Dọlápọ̀ pé kí wọ́n jọ lọ sọ́dọ̀ Pásítọ̀. Ọmọ náà rò pé wọ́n ti yanjú ọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ dá a dúró sí òdìkejì títì.

"Wo òkè."

Ó wò ó. Irin yọrí lórí gbogbo òpó ilé náà, ó dúró ṣánṣán.

"Kí ni wọ́n ń fi irin sílẹ̀ lórí ilé fún?"

Kò sí ọmọ Bàrígà tí kò mọ̀ ọ́n. Dọlápọ̀ dáhùn. "Fún òkè tí wọ́n máa kọ́ lé e."

"Ọdún mẹ́ta sí i, ni Pásítọ̀ rẹ wí. Orí òfì ìyá rẹ ni mo jókòó sí nígbà tó ń sọ ọ́. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Lọ wò ó."

Ó wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó rí òfì náà láti ibẹ̀, kò wọlé. Nígbà tó padà, kò sunkún.

"Bàbá, ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Bámilóyè dá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dúró, ó ní kí ó gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ọbaníkòró. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Dọlápọ̀, ó tún un wọ̀n, ó sì ní kò ní padà sílé lónìí.

Bámilóyè jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ìta wọ́ọ̀dù. Ó ṣì gbà pé Olúwa ń bọ̀, bó ti gbà á láti kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń retí ọ̀gá rẹ̀ kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀, kì í sì í pàtẹ́wọ́ lórí òkú ọmọ ọlọ́mọ.

Moyọ̀sọ́lá kò fẹ́ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ láìṣe ohun tí àṣà wí, ló bá tẹ́ ẹní náà lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí Gbémisọ́lá fi sílẹ̀ nìyí: ànkárá kan tó ti ṣá. Ìwé orin tí èèpo rẹ̀ ti já. Awò ojú kan. Páálí oògùn mẹ́ta. Àwo ẹ̀wà tí a ṣà dé ìdajì, tí òkúta rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkọ kan. Ọmọ kan, tí wọ́n so omi mọ́ lọ́wọ́ ní Ọbaníkòró, pẹ̀lú oyún oṣù méje. Sálúbàtà kan, lábẹ́ ibùsùn ọmọ náà.