Ẹ̀ẹ̀kẹta Tí N Kò Béèrè

Ìwọ tó ń ka èyí, gbọ́ o. Bí o bá gun òkè wa lọ́jọ́ kan, tí orí ń fọ́ ọ, tí ẹnìkan sì bi ọ́ pé ṣé kí òun gbé ọ sọ̀kalẹ̀, má tijú, má ṣe ọmọlúwàbí. Sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Lójú ẹsẹ̀ ni kí o sọ ọ́. Òkè kò mọ ọmọlúwàbí.

Angdus ni orúkọ mi. Kíláàsì márùn-ún ni mo kà dé, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá ń kọsẹ̀, kí ẹ forí jì mí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi mọ́tò gbé àlejò láti Leh, ìlú wa ní Ladakh, lọ sí àwọn ilé lámà, ìyẹn àwọn àlùfáà ẹ̀sìn Búdà, lórí òkè. Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. N kì bá tí sọ ọ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló kọ̀wé sí mi pé kí n sọ ọ́.

Ojo ni mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn. Ọdún méje ṣáájú ọ̀rọ̀ yìí, ọkùnrin kan sùn sẹ́yìn mọ́tò mi, ó fi fìlà bojú. Mo rò pé oorun ni. Nígbà tí a dé Leh tí mo ṣí ilẹ̀kùn, kì í ṣe oorun. Ẹnikẹ́ni kò bá mi wí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ètè àwọn tó jókòó sẹ́yìn ni mo máa ń wò nínú dígí. Ètè àti èékánná. Afẹ́fẹ́ òkè wa fẹ́lẹ́, kì í tó àlejò mí; bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí aró, ojú mi kì í kúrò nínú dígí mọ́.

Àwọn tí mo ń sọ yìí jẹ́ mẹ́jọ, akẹ́kọ̀ọ́ láti Jámánì, tí wọ́n ń kọ́ nípa ẹ̀sìn Búdà ní yunifásítì wọn. Olùkọ́ wọn, Dókítà Elke, obìnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín títí yóò fi jẹun tán, ló kó wọn wá. Mọ́tò méjì la fi gbé wọn. Rigzin, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ni afinimọ̀nà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà ni, ó sì ti fi í han gbogbo àdúgbò, títí kan àwọn ajá.

A fi ọjọ́ méjì sinmi ní Leh, bó ṣe yẹ, kí afẹ́fẹ́ òkè lè mọ́ wọn lára. Ní ọjọ́ kẹta a yí àwọn ilé lámà etí odò ká. Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn, Wiebke, tó dé fìlà òwú aláwọ̀ ìyeyè. Gbogbo nǹkan ló ń kọ sínú ìwé kékeré kan: ibi tí a ti ń bọ́ bàtà, pé a kì í na ẹsẹ̀ sí ère. Nígbà tí a dé ibi chorten, òkìtì funfun tí à ń mọ sí ojú ọ̀nà tí a sì ń kó ohun mímọ́ sínú rẹ̀, òun ló ń pe àwọn yòókù padà.

"Apá ọ̀tún yín ni kó wà," ló ń sọ fún wọn. "Malte, apá ọ̀tún! Ìwọ àti màlúù yẹn nìkan lẹ gba òdì."

Malte ni èyí tó sanra díẹ̀ nínú wọn. Ó ní màlúù náà ti pẹ́ níbẹ̀ ju Wiebke lọ.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo kó wọn lọ sílé ìyá ìyàwó mi, Ìyá Kunzes, kí wọ́n lọ mu tíì. Nínú mọ́tò, Rigzin ń kọ́ wọn.

"Bí wọ́n bá gbé tíì wá, ẹ kọ̀ ọ́. Ẹ ní ẹ ti yó. Wọ́n á tún bi yín, ẹ tún kọ̀, ẹ fi ọwọ́ bo ife. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni kí ẹ tó gbà. Ẹni tó bá gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á ní wọn ò kọ́ ọ nílé."

"Tí òùngbẹ bá ń gbẹ mí ńkọ́?" Malte ló béèrè.

"Jẹ́ kó gbẹ ọ́."

Wiebke gbé bírò sókè. "Tí wọn ò bá wá bi mí lẹ́ẹ̀kẹta ńkọ́?"

Rigzin rẹ́rìn-ín. "Kò sí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ladakh."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ń wa mọ́tò, mo rẹ́rìn-ín.

Malte gba ife àkọ́kọ́ kí wọ́n tó nà án dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyá Kunzes ní, "Ẹ fún un ní kẹ́tùlù náà, aṣálẹ̀ ni ọmọ yìí ti ń bọ̀." Ṣùgbọ́n nígbà tó kan Wiebke, ó tẹ orí ba, ó ní rárá. Wọ́n tún bi í, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ife, ó ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Ìyá Kunzes kọjú sí mi. "Angdus, níbo lẹ ti rí eléyìí? Ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Ìyàwó ọmọ mi kò mọ̀ ọ́n ṣe tó báyìí."

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ń da tíì. "Ìyá, mo ń gbọ́ o."

"Torí kí o lè gbọ́ ni mo ṣe sọ ọ́."

Mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì níhìn-ín. Ọ̀gá wa ti pè wá jọ ní ọdún tó ṣáájú. Àlejò kan kọ̀wé pé dírẹ́bà kan fúngun mọ́ òun, pé òun ní òun kò jẹun, síbẹ̀ kò yéé bi òun. Ọ̀gá ní, "Bí òyìnbó bá ní rárá, rárá ló ń sọ. Ẹ má fi ti ilé yín yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹni tó bá tún ṣe é, kó máa lọ da ewúrẹ́." Mo fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn. N kò ní ewúrẹ́.

Ní ọjọ́ karùn-ún, a gòkè lọ sí Skyurbo. Abúlé náà ni òpin ọ̀nà; bí mọ́tò bá dé ibẹ̀, kò síbi tó tún ń lọ. Ilé lámà wà lókè rẹ̀, ìrìn wákàtí kan. Abúlé la sùn. Láàárọ̀, Wiebke kò jẹ ìyẹ̀fun bálì tí wọ́n gbé fún un. Mo rí i tó so okùn bàtà rẹ̀, tó tú u, tó tún un so. Ètè rẹ̀ kò tíì burú. Ó ti funfun díẹ̀ ni. Mo lọ bá a níbi tó jókòó sí lẹ́bàá ògiri.

"Orí ń fọ́ ọ, àbí?" Gẹ̀ẹ́sì mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn, mo mọ̀ ọ́n.

"Díẹ̀ ni, sà."

"Mọ́tò wà níbẹ̀ yẹn. Jẹ́ kí n gbé ọ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Leh."

Ó tẹ orí ba. "Rárá, ẹ ṣé. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu."

Mo lọ. Mo nu dígí mọ́tò. Ọkàn mi kò balẹ̀, mo padà.

"Wiebke. Kì í ṣe wàhálà fún mi. Ṣé kí n gbé ọ lọ?"

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ife tíì tó wà níwájú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Rárá, sà. Ara mi le."

Mo dúró níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu mi. Mo wá rántí ọ̀gá. Mo rántí ewúrẹ́. Mo gbé e mì, mo sì padà sídìí mọ́tò. Ó fi ojú tẹ̀ lé mi, mo rò pé ó fẹ́ kí n kúrò níwájú òun ni.

Wọ́n gòkè lọ, gbogbo wọn. Mo dúró nísàlẹ̀, mo ń ka fìlà àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mẹ́jọ pé. Fìlà ìyeyè ló wà lẹ́yìn pátápátá. Lágbedeméjì òkè, chorten ńlá kan wà níbi tí ọ̀nà ti pín sí méjì. Àwọn méje gba apá òsì rẹ̀ kọjá, tí chorten wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, bó ṣe yẹ. Fìlà ìyeyè dúró. Lẹ́yìn náà ni ó yí sí apá kejì.

Mo rò pé ojú mi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún yí i ká lẹ́ẹ̀kan sí i, ní òdì. Wiebke, tó ń bá Malte jà nítorí rẹ̀.

Mo sáré. Ẹni àádọ́ta ọdún kì í sáré ní Skyurbo, ṣùgbọ́n mo sáré. Nígbà tí mo débẹ̀, Dókítà Elke àti Rigzin ti padà wá bá a. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń sọ èdè wọn wúyẹ́wúyẹ́. Èékánná rẹ̀ ti di aró.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni," Dókítà Elke wí. "Ẹ jẹ́ kó sinmi nílé àwọn lámà títí di ìrọ̀lẹ́, ká wò ó."

Rigzin wò mí. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ohun tí Dókítà sọ."

"Mo gbọ́. Gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè kí n pọ̀n ọ́n."

"Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ní kó sinmi."

"Rigzin, mo ní kí o gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà sókè."

N kò pariwo. N kò lè pariwo, èémí ò sí. Ó gbé e. Mo pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀, Rigzin ń tì mí lẹ́yìn, Dókítà Elke ń pe orúkọ mi lókè. Nínú mọ́tò, Rigzin fi rọ́bà ọ́síjìn sí i nímú. Wákàtí mẹ́ta ló kù sí ilé ìwòsàn. Dígí ni mo ń wò ju ọ̀nà lọ. Mo ń sọ fún un pé, má sùn, jọ̀ọ́, má fi fìlà bojú. Rigzin bọ́ fìlà náà lórí rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀.

A ti sọ̀kalẹ̀ dé ibi tí igi bẹ̀rẹ̀ nígbà tó la ojú. Ó wá ojú mi nínú dígí.

"Sà," ló wí. "Ẹ ò bi mí lẹ́ẹ̀kẹta. Mo ń retí yín."

Rigzin gbọ́ ọ. N kò wẹ̀yìn wò ó, ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí Rigzin ń sunkún.

Ó yè. Omi ti ń wọ ọpọlọ rẹ̀, dókítà ilé ìwòsàn ló wí bẹ́ẹ̀, pé ká ní ó dúró dìrọ̀lẹ́ lókè, òkú ni à bá gbé wá. Ní ọjọ́ kẹta nílé ìwòsàn, ó ti ń jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ohun tí mo sọ nínú mọ́tò fún Elke. Wọ́n á ní ohun tí Rigzin kọ́ wa ló fà á, wọ́n á gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Èmi ni mi ò gbọ́n."

"Ìwọ kọ́," mo ní.

"Ẹ ṣèlérí."

Mo ṣèlérí.

Nígbà tí mo jáde, Dókítà Elke jókòó nínú àgbàlá pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ojú rẹ̀ ti wú. Rigzin dúró lẹ́bàá igi, kò gbójú sókè. Ẹnìkan gbé tíì fún wa.

"Ọ̀gbẹ́ni Angdus, ẹ ṣeun. Mo gbọ́dọ̀ kọ̀wé sílé. Wiebke ní ẹ bi òun lẹ́ẹ̀mejì, òun sì kọ̀. Kí nìdí tó fi kọ̀? Rigzin ní ó sọ nǹkan fún yín nínú mọ́tò, ṣùgbọ́n kò fẹ́ sọ ohun tó jẹ́."

"Òtútù ló ń mú un, ìyẹn ló ń sọ."

Ó kọ ìyẹn sílẹ̀. Ó wò mí. "Kò tún sọ nǹkan mìíràn?"

"Mọ́tò ń pariwo, Dókítà. N kò gbọ́ dáadáa."

Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó rọra sún mọ́ mi. Ohùn rẹ̀ kò le rárá, ohùn ẹni tó fẹ́ mọ̀ ni.

"Ẹ jọ̀ọ́. Kí ni ọmọ yẹn sọ?"

Ó bi mí lẹ́ẹ̀kẹta. Mo wo Rigzin. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ife tíì mi.